Iṣẹ́ Ẹrú Tí Wọ́n Fi Tọmọ Jẹ́: Ìtàn Àwọn Fíìmù Olómìnira Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Kámẹ́rà kò lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń rojọ́. Ẹni tó gbé e dání ló ń pinnu ibi tí a óò wò àti ibi tí a kò ní wò. Òun ló ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń yan ẹni tí wọn yóò kàn máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi fíìmù kọ́ ìtàn ìlú kan, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè: Ta ló gbé kámẹ́rà? Ta ló sanwó? Ta ló ń sọ̀rọ̀?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ bi ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkíní, ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ dọ́kúmẹ́ńtárì ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ìjọba ilẹ̀ náà ti ya àwòrán wa kí àwa fúnra wa tó ní kámẹ́rà, àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ sì ti ń fi kámẹ́rà tiwọn fèsì.

Dọ́kúmẹ́ńtárì ni fíìmù tí kò ti inú ìtàn àròsọ wá. Àwọn ènìyàn gidi ló wà nínú rẹ̀: apẹja lójú omi, òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìyálé ilé nínú yàrá rẹ̀. Fíìmù kúkúrú oníṣẹ́ ọnà jẹ́ ìbátan rẹ̀. Kì í pẹ́ lọ títí, kì í sì í wo ojú ọjà. Ohun tó wà lọ́kàn olùṣe rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, bí akéwì ṣe ń tẹ̀ lé ewì rẹ̀. Nígbà tí a bá pe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní olómìnira, ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá tó ń wá èrè ló ṣe é. Ṣùgbọ́n fíìmù ń jẹ owó. Bí olówó kan kò bá sí níwájú, òmíràn yóò wà lẹ́yìn. Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń gba owó olówó, tí yóò sì tún jẹ́ olómìnira? Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí dáhùn ìbéèrè náà.

John Grierson ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ Scotland ni, wọ́n sì bí i ní 1898. Ní 1926, nígbà tó ń kọ̀wé nípa fíìmù kan fún ìwé ìròyìn kan ní New York, ó lo ọ̀rọ̀ náà "documentary" láti fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti di orúkọ irú fíìmù yìí. Ní 1929, ó gbé fíìmù tirẹ̀ jáde. Drifters ni orúkọ rẹ̀, ó sì dá lórí àwọn apẹja tó ń pa ẹja ní Òkun Àríwá. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀. Ẹni tí àwọn èrò rí nínú rẹ̀ ló jọ wọ́n lójú. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àwọn ọlọ́lá ló ni ìtàn; bí òṣìṣẹ́ bá yọjú, ó sábà máa ń jẹ́ ìránṣẹ́ tàbí aláwàdà. Nínú Drifters, ẹni tó ń fa àwọ̀n nínú omi tó ń ru ni akọni.

Ta ló sanwó? Ìjọba ni. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Empire Marketing Board ló ná owó náà. Wọ́n dá àjọ yìí sílẹ̀ ní 1926 láti máa polówó irè àti ọjà gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n rán Grierson ni pé kó polówó. Ohun tó ṣe ni pé ó fi iyì iṣẹ́ àgbáṣe han àwọn tó jókòó sínú òkùnkùn ilé sinimá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá di òwe yìí mú, ẹ ti rí okùn tó so gbogbo ìtàn yìí pọ̀.

Ní 1933, wọ́n ti àjọ náà pa. Grierson àti àwọn ọ̀dọ́ tó kó jọ lọ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Night Mail ní 1936, fíìmù nípa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Scotland lóru. Harry Watt àti Basil Wright ló darí rẹ̀, W. H. Auden kọ ewì sí i, Benjamin Britten sì ṣe orin rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú fíìmù yìí tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé. Àwọn tó ń to lẹ́tà nínú ọkọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú sítúdíò ni wọ́n ti ya apá ibẹ̀. Ilẹ̀ tí kò mì ni wọ́n dúró lé. Wọ́n ní kí wọ́n máa mi ara wọn díẹ̀díẹ̀ kó lè dà bíi pé ọkọ̀ ń sáré. Ṣé irọ́ nìyẹn? Kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóru lóru náà ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òótọ́ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ ni dọ́kúmẹ́ńtárì. Ẹnìkan ló tò ó, ó sì yẹ ká mọ onítọ̀hún.

Fíìmù tó ṣe pàtàkì jù lójú mi láàrin àwọn ti ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Housing Problems ni, tí Arthur Elton àti Edgar Anstey ṣe ní 1935. Wọ́n gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìgbohùn tó wúwo lọ sí Stepney ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wọ inú àwọn ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ tí àwọn tálákà ń gbé. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ayálégbé dúró nínú yàrá wọn kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn ń rí: ògiri tó ń ya, ìdun, omi tí kò tó, eku. Obìnrin kan sọ bí òun ṣe bá eku jà nínú ilé. Lónìí, a máa ń rí irú nǹkan báyìí lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, a kò sì kà á sí bàbàrà. Ní 1935, ohun tuntun ni. Tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló máa ń bá a sọ ọ́.

Obìnrin kan ló ṣe ọ̀nà. Ruby Grierson, àbúrò John, ló jókòó ti àwọn ayálégbé náà títí ara fi tù wọ́n níwájú kámẹ́rà. Ní 1940, nígbà ogun, ó wà nínú ọkọ̀ òkun City of Benares, níbi tó ti ń ya fíìmù àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kó lọ sí Kánádà kí bọ́ǹbù má bàa pa wọ́n. Àwọn ará Jámánì rì ọkọ̀ náà, ó sì bá a lọ.

Ta ló sanwó Housing Problems? Ilé-iṣẹ́ gáàsì. Wọ́n mọ̀ pé bí ìjọba bá wó ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tó sì kọ́ ilé tuntun, gáàsì ni wọn yóò máa fi dáná nínú rẹ̀. Ọjà wọn ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ ẹrú tún nìyẹn, Ruby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n fún láàyè láti sọ̀rọ̀ bíi ti àwọn ará Stepney. Ìgbà yẹn gan-an ni fíìmù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń dé Nàìjíríà. William Sellers, òṣìṣẹ́ ètò ìlera ní Nàìjíríà, ti ń fi fíìmù kọ́ àwọn ará ìlú nípa àìsàn. Nígbà tí ìjọba dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ó gbà gbọ́ pé ojú aláwọ̀ dúdú kò lè tẹ̀ lé fíìmù tó bá ń yára, nítorí náà ó ní kí wọ́n máa ṣe fíìmù tiwa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí àwòrán kan pẹ́ lójú kí òmíràn tó dé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ìyàtọ̀. Ní Stepney, wọ́n bi tálákà léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n ti pinnu ohun tí ojú wa lè rí kí wọ́n tó béèrè.

Ní 1949, Crown Film Unit, ẹ̀ka fíìmù ìjọba tó jogún iṣẹ́ Grierson, ṣe Daybreak in Udi ní apá ìlà oòrùn Nàìjíríà. Ó dá lórí àwọn ará abúlé tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Fíìmù náà dára, àwọn ará ibẹ̀ sì ṣeré gidi nínú rẹ̀; ó gba ẹ̀bùn Oscar ti Amẹ́ríkà fún dọ́kúmẹ́ńtárì. Síbẹ̀, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó agbègbè náà ló wà láàrin ìtàn. Òwúrọ̀ tí orúkọ fíìmù náà ń sọ, a óò rò pé òun ló gbé e wá. Àwọn tó ru òkúta, tí wọ́n sì mọ ògiri, ìlú wọn ti mọ́ kí Ajẹ́lẹ̀ tó dé. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1952, ìjọba ti Crown Film Unit pa. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe dọ́kúmẹ́ńtárì lẹ́yìn ogun kò ní ilé tí wọ́n lè wọ̀ sí mọ́. Mẹ́rin nínú wọn wá pa ọgbọ́n pọ̀: Lindsay Anderson, Karel Reisz, Tony Richardson àti Lorenza Mazzetti. Ẹ kíyè sí i pé àtìpó wà nínú wọn: Reisz sá àsálà wá láti Czechoslovakia nígbà tó wà lọ́mọdé, Mazzetti sì jẹ́ ọmọ Ítálì. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi fíìmù kékeré tí kálukú wọn ṣe han àwọn èrò. Wọ́n bá kó o pọ̀, wọ́n fún un ní orúkọ kan ṣoṣo, Free Cinema, wọ́n sì fi í hàn ní National Film Theatre láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1956. Ọgbọ́n ọwọ̀ ni: ẹyọ igi rẹ̀ kò lè gbálẹ̀, àfi bí a bá dì í pọ̀. Ibi ìṣeré létí òkun ni fíìmù Anderson, O Dreamland, dá lórí. Ilé ijó jáàsì ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni Reisz àti Richardson lọ nínú Momma Don't Allow. Ní ti Mazzetti, fíìmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Together jẹ́ ìtàn òṣìṣẹ́ èbúté méjì tí wọn kò gbọ́ràn tí wọn kò sì lè sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Owó tí wọ́n ní kò tó nǹkan. Àjọ fíìmù tó ń jẹ́ British Film Institute, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí BFI, ló fún wọn ní díẹ̀ láti inú owó tó yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Kámẹ́rà kékeré ni wọ́n lò, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ wáìn bí aago, tí kò lè yà ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lọ kí a tó tún wáìn rẹ̀. Kò lè gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Nítorí náà wọ́n ń gba ohùn lọ́tọ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ lẹ́yìn náà. Àìní yìí náà ló di ẹwà iṣẹ́ wọn, nítorí kámẹ́rà fúyẹ́, wọ́n sì lè gbé e wọ ibikíbi.

Ní 1957, Anderson ṣe Every Day Except Christmas, nípa ọjà èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó ní Covent Garden. Láti ọ̀gànjọ́ òru ni fíìmù náà ti ń tẹ̀ lé àwọn alábàárù àti àwọn ọlọ́jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó gba ẹ̀bùn ní Venice. Ní 1959, Reisz ṣe We Are the Lambeth Boys, nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń péjọ sí ilé ẹgbẹ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé ìròyìn ń pariwo nígbà náà pé àwọn ọ̀dọ́ ti bàjẹ́. Reisz ní kí a gbọ́ ti ẹnu wọn. Ta ló sanwó fíìmù méjèèjì? Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ìpolówó mọ́tò nínú wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni "sinimá òmìnira", ilé-iṣẹ́ mọ́tò sì wà lẹ́yìn wọn! Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà. Wọ́n gba owó, wọn kò gba ọ̀rọ̀ sẹ́nu.

Síbẹ̀, agbègbè Lambeth yẹn kan náà ni Brixton wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Karibeani tó wọ ọkọ̀ Empire Windrush dé ní 1948 ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ní 1958, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àtìpó yìí ń wa ọkọ̀, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń san owó orí. Ta ló ń sọ ìtàn wọn? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹlòmíràn ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba kámẹ́rà nínú wọn kò pọ̀. Ní 1963, Lloyd Reckord, òṣèré ọmọ Jamaica, fi owó ìdánwò BFI ṣe Ten Bob in Winter, fíìmù kúkúrú lórí ṣílè mẹ́wàá tí ènìyàn yá ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú àti àṣehàn tó wà láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn wà nínú rẹ̀. Ní 1966, Lionel Ngakane, ọmọ South Africa tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé kúrò nílé, ṣe Jemima + Johnny. Ọmọbìnrin kékeré aláwọ̀ dúdú àti ọmọkùnrin kékeré aláwọ̀ funfun ni wọ́n jọ ń rìn kiri àdúgbò Notting Hill, níbi tí àwọn àgbà ti bá ara wọn jà. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn ní Venice. Lẹ́yìn wọn ni Horace Ové dé, ọmọ Trinidad. Pressure tó ṣe ní 1976 ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ láti ọwọ́ olùdarí aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwà ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀ láìbò, ó sì pẹ́ kí àwọn èrò tó lè rí i.

Ohun tó yí nǹkan padà ni ikú àti iná. Ní oṣù Kìíní 1981, iná jó ilé kan ní New Cross níbi tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. 13 nínú wọn ló kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Brixton. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1982, tẹlifíṣọ̀n Channel 4 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin sì ní kó máa fún àwọn tí a kì í gbọ́ ohùn wọn láàyè. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fíìmù, BFI àti Channel 4 fọwọ́ sí àdéhùn kan ní 1982 pé kí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń ṣe fíìmù ládùúgbò wọn máa gba owó oṣù déédéé. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ọ̀rọ̀ "déédéé" yẹn. Owó fíìmù kan máa ń tán. Owó oṣù máa ń jẹ́ kí ènìyàn kọ́ iṣẹ́ dójú àmì.

Nínú àdéhùn yìí ni àwọn ẹgbẹ́ bíi Amber ní Newcastle, Ceddo, Sankofa àti Black Audio Film Collective ti rí okun. Ọ̀rọ̀ àwọn Akan ni Sankofa, ó túmọ̀ sí pé kí á padà lọ mú ohun tí a gbàgbé. Ní Black Audio, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pàdé ní Portsmouth ni wọ́n, kí wọ́n tó lọ fi Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùdó. John Akomfrah, tí wọ́n bí ní Accra ní 1957, wà lára wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1985, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Handsworth, ní ìlú Birmingham. Ọkùnrin méjì kú sínú ilé ìfìwéránṣẹ́ tó jóná. Láìpẹ́, ọlọ́pàá yìnbọn lu Cherry Groce nínú ilé rẹ̀ ní Brixton. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Cynthia Jarrett kú nígbà tí ọlọ́pàá ń tú ilé rẹ̀ ní Tottenham, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan nínú ìjà tó tẹ̀ lé e. Tẹlifíṣọ̀n ń fi iná àti òkúta hàn lálẹ́ lálẹ́. Àwọn ọmọ Black Audio náà gbé kámẹ́rà, ṣùgbọ́n wọn kò yára. Handsworth Songs, tí Akomfrah darí ní 1986, kó àwòrán ìròyìn pọ̀ mọ́ àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n tú jáde láti ilé ìkó-fíìmù-sí: àwọn àtìpó tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ tónítóní, òṣìṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ijó, ìgbéyàwó. Ó ń bi wá pé: báwo ni àwọn tó wọlé pẹ̀lú ìrètí báyìí ṣe bí àwọn ọmọ tó ń sọ òkúta? Ìyẹn ni ohun tí ìròyìn alẹ́ kò bèèrè.

Fíìmù náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1987, òǹkọ̀wé Salman Rushdie sọ nínú ìwé ìròyìn Guardian pé kò tẹ́ òun lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ìtàn àwọn ará Handsworth fúnra wọn kò jáde tó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Stuart Hall, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jamaica, fèsì pé àwọn ọ̀dọ́ náà ń wá èdè tuntun láti fi sọ̀rọ̀, nítorí èdè tí wọ́n bá nílẹ̀ ti gbó. Ta ló jàre? Mo rò pé ọ̀rọ̀ wọn jọ ń lọ ni. Rushdie ń béèrè ohun tí Ruby Grierson béèrè ní Stepney: ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀. Hall ń sọ ohun tí Night Mail ti kọ́ wa: ọ̀nà tí a gbà to òótọ́ náà jẹ́ apá kan òótọ́. Ní ọdún yẹn, wọ́n fún Handsworth Songs ní ẹ̀bùn dọ́kúmẹ́ńtárì tí wọ́n fi orúkọ John Grierson sọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó ọjà àwọn ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi yẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyẹn sí.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún fíìmù oníṣẹ́ ọnà tó kan àwa náà. Ní 1988, Ngozi Onwurah, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, ṣe Coffee Coloured Children. Ìṣẹ́jú 15 péré ni, lórí ọmọ tó ń fọ ara rẹ̀ kí dúdú ara rẹ̀ lè ṣí. Ní 2004, Yinka Shonibare, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, ṣe Un Ballo in Maschera. Ikú Ọba Gustav Kẹta ti Sweden, tí wọ́n yìnbọn fún níbi ijó ní 1792, ni ìtàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀; ijó ni wọ́n fi sọ ọ́. Ankara ni wọ́n fi rán aṣọ àwọn ọlọ́lá Yúróòpù náà! Ẹni tó bá mọ ìtàn ankara, pé àwọn ará Netherlands ló ń sín aṣọ Indonesia jẹ kó tó di aṣọ ẹbí wa, yóò mọ̀ pé Shonibare ń béèrè ẹni tó ni àṣà gan-an. Ní 2021, Lizard, fíìmù kúkúrú tí Akinola Davies Jr. ṣe, gba ẹ̀bùn tó ga jù fún fíìmù kúkúrú ní Sundance ní Amẹ́ríkà. Ọmọdébìnrin kan tí wọ́n lé jáde nínú kíláàsì ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan l'Ékòó ló fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn àgbà ń bò. Ní 2025, My Father's Shadow tí òun kan náà darí, lórí Èkó ní oṣù Kẹfà 1993, di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú ètò àgbà ti Cannes. Owó BBC àti BFI wà nínú rẹ̀. Owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tiwa: ìyàtọ̀ ńlá sí Daybreak in Udi nìyẹn.

Kí la rí kọ́? A rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí mo dárúkọ tó já bọ́ láti ọ̀run. Ìjọba, gáàsì, mọ́tò, tẹlifíṣọ̀n, olówó kan ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí owó oṣù àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yẹn dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn fọ́n ká. Black Audio túká ní 1998. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òmìnira kò nílò owó, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní olówó ló ni ọ̀rọ̀ pátápátá kò mọ agbára ẹni tí a rán níṣẹ́. Òmìnira wà láàrin méjèèjì: nínú ẹni tí a jẹ́ kó sọ̀rọ̀, àti nínú bí a ṣe tò ó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, kámẹ́rà tó wà lára fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò fúyẹ́ ju èyí tí Anderson ń wáìn lọ, ó sì ń gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Ohun tí kò lè bá wa ṣe ni láti bèèrè ìbéèrè mẹ́ta náà. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ẹ bá fi fíìmù hàn wá, ẹ má ṣe bi wá nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìkan. Ẹ bi wá léèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti ẹni tó dákẹ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì tó sanwó fún Housing Problems ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ìjọba gbà wọ́n ní 1949, kò sì sí ẹni tó ń wo fíìmù náà lónìí kó tó ra sítóòfù. Ohùn obìnrin tó bá eku jà nínú yàrá rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì ń gbọ́.